Àwọn ìwé Doctor Who: kí ló dé tí ohùn àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò fi dọ́gba?

Doctor Who jẹ́ eré tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí BBC bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963. Ìtàn ẹnì kan ni, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Dókítà lásán, tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ gangan. Kì í ṣe ọmọ ayé yìí. Ọkọ̀ rẹ̀, TARDIS, rí bí àpótí kékeré lóde, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tóbi ju ààfin lọ. Ó ń fi ọkọ̀ náà rin inú àkókò: lónìí ó wà láyé àtijọ́, lọ́la ó wà ní ọdún tí wọn ò tíì bí ọmọ ọmọ wa. Tí ikú bá sì fẹ́ pa á, ara rẹ̀ á yí padà di ti ẹlòmíràn. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n lè máa pààrọ̀ òṣèré láti ọdún yìí wá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, eré náà fúnra rẹ̀ kọ́ ni a fẹ́ sọ lónìí o. Àwọn ìwé tó tẹ̀lé e ni. Láti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń fi Doctor Who kọ ìwé, wọ́n sì ti lé ní 300 báyìí. Irú méjì ni wọ́n. Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n fi eré tí a ti wò kọ: ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n tún sọ lórí bébà. Èkejì ni ìtàn tuntun pátápátá, tí kò sí lórí tẹlifíṣọ̀n rí, ṣùgbọ́n tí Dókítà àti àwọn tó ń bá a rìn wà nínú rẹ̀. Àwọn olólùfẹ́ eré náà kò fẹnu kò lórí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Àwọn kan ní ìwé ló gba eré náà lọ́wọ́ ikú. Àwọn kan ní ìwé ló fẹ́ bà á jẹ́. A ti gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, bí a bá sì dé ibi tó yẹ, a ó sọ ibi tí ọkàn tiwa tẹ̀ sí.

Ìgbà tí ìwé ń ṣe iṣẹ́ fídíò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí àwọn àgbà nínú àwọn olólùfẹ́ eré yìí fi ń fi ọwọ́ pa àwọn ìwé kékeré náà lórí bí ọmọ, ó ní láti rántí bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Fídíò kò sí nílé àwọn èèyàn. Eré tó bá ti kọjá ní alẹ́ Sátidé, ó kọjá nìyẹn. Ọmọ tó bá sùn lọ, tàbí tí ìyá rẹ̀ rán níṣẹ́, kò tún ní rí i mọ́. BBC kì í sábà tún eré àtijọ́ gbé jáde.

David Whitaker, ẹni tó kọ́kọ́ ń bójú tó ìtàn inú eré náà, ló kọ ìwé àkọ́kọ́ ní 1964, lórí àwọn Dalek. Ẹ wò ó, láti ìwé àkọ́kọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Lórí tẹlifíṣọ̀n, olùkọ́ méjì ló tẹ̀lé ọmọ ilé ìwé wọn dé ibi tí wọ́n ń kó irin àlòkù sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti pàdé Dókítà. Nínú ìwé Whitaker, ìjàǹbá ọkọ̀ nínú kùrukùru ló mú wọn pàdé, Ian tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ló sì ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn náà. Èwo ló ṣẹlẹ̀? Ìbéèrè tí wọ́n ṣì ń bi ara wọn títí di òní nìyẹn.

Ní 1973, ilé ìtẹ̀wé Target tún ìwé yẹn tẹ̀ pẹ̀lú méjì mìíràn. Wọ́n tà. Láti ibẹ̀, Target kò dúró mọ́ títí wọnú ọdún 1990 sókè, ó sì kù díẹ̀ kí wọ́n sọ gbogbo eré àtijọ́ náà di ìwé. Ìwé pẹlẹbẹ ni wọ́n, ọ̀pọ̀ wọn kò ju ojúewé 128 lọ, àwòrán mèremère wà níwájú wọn, owó ọmọdé sì ká wọn.

Terrance Dicks ló kọ èyí tó pọ̀ jù. Ìwé tó lé ní 60 ni òun nìkan kọ nínú àwọn ti Target. Òun ló ti ń tún ìtàn inú eré náà ṣe fún BBC kí ó tó di òǹkọ̀wé, ó sì kú ní 2019. Lórí ọkùnrin yìí, àwọn olólùfẹ́ pín sí méjì. Àwọn kan ń rojọ́ pé nígbà tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ńṣe ló kàn ń da ọ̀rọ̀ òṣèré kọ, tí á wá fi «ó ní, ó fèsì» sí ìdí rẹ̀. Wọ́n ní bó ṣe máa ń ṣàpèjúwe ìró tí TARDIS ń dún, ọ̀rọ̀ kan náà ló ń lò nínú ìwé kan dé òmíràn, wọ́n sì lè kà á lórí láìwo ìwé. Òótọ́ ni. Àmọ́ àwọn tó ń gbèjà rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan tó wúwo: lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ́ bí a ṣe ń ka ìwé dópin. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, ó mọ́, kò fi àkókò ọmọdé ṣòfò. Àwa kò lè fojú tẹ́ńbẹ́lú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí ìhà méjèèjì jọ yìn ni Malcolm Hulke. Ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1974 lórí àwọn ẹ̀dá bí alángbá tó ti ń gbé ayé ṣáájú ènìyàn kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Dókítà rárá. Ọ̀dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá náà ló ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ sùn. Kí ẹ tó dé àárín ìwé, ẹ ó ti máa ṣàánú àwọn tí eré pè ní ọ̀tá. Tẹlifíṣọ̀n kò ní owó àti àkókò láti ṣe ìyẹn. Bébà ní.

Ohun tí wọ́n rí ní Jos

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní àwọn ọdún 1960 sí 1970, BBC ń pa téèpù eré àtijọ́ rẹ́, wọ́n sì ń kó fíìmù dànù, torí wọ́n rò pé kò sẹ́ni tó máa tún wò ó. Lára Doctor Who, apá tó lé ní 90 ni a kò rí mọ́. Ohùn wọn nìkan ló kù, torí pé àwọn ọmọ kan gbé ẹ̀rọ tí ń gba ohùn sí iwájú tẹlifíṣọ̀n nílé wọn. Fún àwọn eré wọ̀nyẹn, ìwé Target di ibi tí èèyàn ti lè bá ìtàn náà pàdé látòkèdélẹ̀. Ìwé tí wọ́n ṣe fún ọmọdé, tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ló wá di àká ìrántí. Ẹni tó bá ti pàdánù ìwé tàbí àwòrán ìdílé rí á mọ bó ṣe rí.

Nígbà tí BBC ń pa wọ́n rẹ́ nílé, wọ́n ti ta ẹ̀dà fíìmù fún àwọn ilé tẹlifíṣọ̀n lókè òkun, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Ní oṣù kẹwàá 2013, BBC kéde pé wọ́n ti rí apá mẹ́sàn-án tó sọnù, ní ibùdó tẹlifíṣọ̀n kan ní ìlú Jos. Philip Morris, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń wá fíìmù tó sọnù kiri ayé, ló rí wọn. Ohun tí London sọnù, ilẹ̀ adúláwọ̀ ló bá wọn tọ́jú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ jáde, jàre, torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ni wọ́n ń dárúkọ wa nínú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ sí rere.

Márùn-ún nínú mẹ́sàn-án náà jẹ́ ti eré kan tí wọ́n ń pè ní The Enemy of the World, tó jáde láti ìparí 1967 wọ ìbẹ̀rẹ̀ 1968. Apá mẹ́fà ni eré náà ní, apá kẹta nìkan ló sì wà lọ́wọ́ àwọn èèyàn kí ó tó di ìgbà yẹn. Wọ́n ń fi apá kan yìí àti ìwé tí Ian Marter kọ ní 1981 ṣèdájọ́ gbogbo rẹ̀. Marter jẹ́ òṣèré nínú Doctor Who fúnra rẹ̀, òun ló ṣe Harry Sullivan. Ìwé rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, ó sì lo ọ̀rọ̀ èébú kan tí àwọn òbí kò retí nínú ìwé ọmọdé. Ìdájọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ni pé eré náà kò fi bẹ́ẹ̀ dáa, pé ó falẹ̀.

Nígbà tí fíìmù dé láti Jos, wọ́n jókòó wò ó. Ojú wọn là. Nínú eré náà, Patrick Troughton ló ṣe Dókítà, òun kan náà ló sì ṣe Salamander, ìkà ọkùnrin tó fẹ́ fi ayé sábẹ́ ara rẹ̀. Ìwé lè sọ fún yín pé ọkùnrin méjì jọra. Kò lè fi ojú kan náà hàn yín, kí ẹ rí i bí òṣèré ṣe yí ọrùn díẹ̀, tí ẹ fi mọ̀ pé ìkà ni èyí, ọmọlúàbí ni tọ̀hún. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, eré tí wọ́n ti ń fi sí ìsàlẹ̀ gòkè lọ láàárín àwọn tí wọ́n fẹ́ràn jù. Àwọn tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí a má fi ìwé ṣèdájọ́ eré wá ní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mẹ́rin yòókù jẹ́ ti The Web of Fear, níbi tí àwọn Yeti ti gba ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní London. Apá kẹta rẹ̀ kò sí lára ohun tí wọ́n kó dé. Apá yẹn gan-an sì ni Lethbridge-Stewart ti kọ́kọ́ yọjú, ọ̀gágun tó wá di ọ̀rẹ́ Dókítà fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Dicks tó kọ ìwé rẹ̀ ní 1976 ti mọ ohun tí ọkùnrin náà máa dà, nítorí náà ó dúró díẹ̀ lórí ìpàdé àwọn méjèèjì, ó sì jẹ́ kí òǹkàwé mọ̀ pé nǹkan ńlá ló ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí a kó ìwé Target jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nítorí pé a ti ní fíìmù, kó sọ fún wa ibi tó ti fẹ́ ka ìyẹn.

Ìwé nìkan ló kù

Ní oṣù kejìlá 1989, BBC dáwọ́ eré náà dúró. Fíìmù kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, ní 1996, lẹ́yìn rẹ̀ ó tún di 2005. Nínú ọdún mẹ́rìndínlógún yẹn, àwọn ìwé ló gbé ìtàn náà lọ.

Ilé ìtẹ̀wé Virgin ló bẹ̀rẹ̀ ní 1991, pẹ̀lú ìtàn tuntun tí wọ́n pè ní New Adventures. Mọ́kànlélọ́gọ́ta ni wọ́n. Àgbàlagbà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohun tó sì ya èèyàn lẹ́nu ni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn: ẹni tí kò kọ ìwé rí lè fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́, tó bá dáa, wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Àwọn olólùfẹ́ eré wá di ẹni tó ń kọ ọ́. Paul Cornell gba ọ̀nà yẹn wọlé. Kate Orman wọlé láti Ọsirélíà. Mark Gatiss kọ ìwé rẹ̀ ní 1992. Ní 1996, òǹkọ̀wé tẹlifíṣọ̀n kan tó ń jẹ́ Russell T Davies kọ Damaged Goods. Davies yìí kan náà ni ẹni tó gbé eré náà padà sí tẹlifíṣọ̀n ní 2005, Cornell àti Gatiss sì wà lára àwọn tó kọ ìtàn fún un lọ́dún náà. Nítorí náà, nígbà tí ẹnì kan bá ní ìwé wọ̀nyẹn kò já mọ́ nǹkan, a máa ń bi í pé: àwọn wo lo rò pé wọ́n jí eré rẹ dìde?

Síbẹ̀, ẹ̀sùn wà, kò sì kéré. Ìwé Transit tí Ben Aaronovitch kọ ní 1992 ní ìbálòpọ̀ àti èébú nínú, àwọn kan sì bínú gan-an. Wọ́n ní eré tí bàbá ń bá ọmọ rẹ̀ wò, kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ di ohun tí a ó máa fi pamọ́ fún ọmọ? Àwọn mìíràn ní àwọn ọmọ tó wo eré náà ti dàgbà, kí ìtàn náà bá wọn dàgbà. Ohun mìíràn tó wà nínú Transit, tí a kò gbọ́ kí wọ́n sọ tó bó ṣe yẹ, ni Kadiatu, ọ̀dọ́bìnrin adúláwọ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ìdílé Lethbridge-Stewart, tí ẹ̀jẹ̀ Sierra Leone wà lára rẹ̀. Ní 1992, ìyẹn kò wọ́pọ̀ nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tilẹ̀ ní orúkọ fún ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n pín sí nígbà náà: ẹgbẹ́ ìbọn àti ẹgbẹ́ gáùn. Àwọn oníbọn fẹ́ ogun, ikú, Dókítà tó dijú mọ́rí. Àwọn onígáùn fẹ́ ẹ̀rín, aṣọ aláràbarà, ọ̀rọ̀ tó dùn létí. Àwọn kan tún ń pín ìwé sí ti àtijọ́ àti ti olórí kunkun, ìyẹn èyí tó ń ṣe bí eré ṣe máa ń ṣe àti èyí tó fẹ́ fọ́ gbogbo rẹ̀ túnṣe.

Nínú àwọn olórí kunkun yìí, Lungbarrow ni ẹ óò gbọ́ jù. Marc Platt ló kọ ọ́, ó jáde ní 1997. Ó ní àwọn ará ìlú Dókítà, àwọn Time Lord, kì í bímọ. Òfì ni wọ́n fi ń hun wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, òfì, bí ti aṣọ, wọn a sì jáde ní àgbà. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ní kò sí èrò tó jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo ìtàn náà. Àwọn tó kórìíra rẹ̀ ní, Susan tó jẹ́ ọmọ ọmọ Dókítà láti 1963 ńkọ́? Platt wá ọ̀nà fi dá wọn lóhùn nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà lọ́jú pọ̀ bí òwú tó takókó. Nígbà tó di 2006, Dókítà fẹnu ara rẹ̀ sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun ti jẹ́ bàbá rí. Ní tiwa, a fẹ́ràn kí Dókítà ti bímọ rí. Ẹni tí kò ní ọmọ tó fi sílẹ̀ sẹ́yìn kò ní ohun púpọ̀ tó ń sá fún.

Ní 1997 náà ni BBC gba iṣẹ́ ìwé náà padà lọ́wọ́ Virgin. Èyí tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, The Eight Doctors, Dicks ló kọ ọ́, kò sì dùn mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn nínú. Alien Bodies ti Lawrence Miles, tó jáde lọ́dún náà, ni wọ́n yìn. Ní 2000, nínú The Ancestor Cell, wọ́n pa Gallifrey, ìlú àwọn Time Lord, run. Ó di 2005, Davies gbé eré padà, òun náà ní Gallifrey ti run, ṣùgbọ́n nínú ogun mìíràn. Ìlú kan, ìparun méjì! Àwọn tó ti ka ìwé fún ọdún mẹ́jọ bínú pé wọn ò ka àwọn sí. Àwọn tí kò kà á kò tilẹ̀ mọ̀ pé ohun kan ṣẹlẹ̀.

Èwo ni òótọ́?

Ìdí gbogbo àríyànjiyàn náà nìyí. Nínú àwọn ìtàn mìíràn, ẹnì kan ní àṣẹ. Ní oṣù kẹrin 2014, Lucasfilm kéde pé àwọn ìwé Star Wars àtijọ́ kò sí lára ìtàn gidi mọ́, àlọ́ lásán ni wọ́n dà. Ó dun àwọn òǹkàwé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ parí. BBC kò ṣe irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rí. Kò sọ pé ìwé jẹ́ òótọ́, kò sọ pé irọ́ ni.

Àpẹẹrẹ tó le jù ni ti Human Nature. Cornell kọ ọ́ ní ìwé ní 1995: Dókítà sọ ara rẹ̀ di ènìyàn, ó gbàgbé ẹni tó jẹ́, ó ń ṣe olùkọ́ ní ilé ìwé kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1914, ìfẹ́ sì wọ ọ̀rọ̀ náà. Ní 2007, Cornell kan náà sọ ọ́ di eré tẹlifíṣọ̀n fún David Tennant. Dókítà mìíràn, ọmọbìnrin mìíràn ló bá a rìn, ìtàn kan náà. Ṣé ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀mejì ni? Àbí ti ìwé ti parẹ́? Àwọn kan fẹ́ràn ìwé ju eré lọ, torí Bernice Summerfield wà nínú rẹ̀, obìnrin awalẹ̀pìtàn tí Cornell dá sílẹ̀ ní 1992. Ọ̀pọ̀ ló ní ojú Tennant nígbà tó ń sunkún pé kò fẹ́ padà di Dókítà, kò sí ìwé tó lè ṣe é. Cornell fúnra rẹ̀ kọ ọ́ lọ́dún 2007 pé kò sí ẹni tí a fún ní àṣẹ láti sọ èyí tó jẹ́ gidi nínú Doctor Who. Àwa gbà pẹ̀lú rẹ̀. Eré tí akọni rẹ̀ ń rin inú àkókò, tó ń yí ohun tó ti kọjá padà, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó ní ìwé àkọsílẹ̀ kan ṣoṣo?

Lẹ́yìn 2005, àwọn ìwé tuntun tún rọ̀ sí ọwọ́ ọmọdé, kò sì sí ohun púpọ̀ láti jà lé lórí nínú wọn. Ní 2018, BBC tún gbé orúkọ Target dìde, Davies àti Steven Moffat sì kọ eré tiwọn sínú ìwé.

Ní ti àwa tí a ń ka Faransé, ohun tó dé ọ̀dọ̀ wa kéré. Ní 1987, ilé ìtẹ̀wé Garancière ní Paris tẹ ìwé mélòó kan nínú àwọn ti Target ní Faransé, pẹ̀lú orúkọ Igor àti Grichka Bogdanoff lára wọn, àwọn ìbejì orí tẹlifíṣọ̀n tí àwọn àgbà wa á rántí. Lẹ́yìn 2010, Milady túmọ̀ díẹ̀ nínú àwọn tuntun, àwọn yẹn ló rọrùn jù láti rí. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ti Hulke ti 1974, kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú Human Nature. Kó fi Lungbarrow sílẹ̀ ná, torí ẹni tí kò mọ àwọn tó ṣáájú rẹ̀ kò ní mọ orí kò ní mọ ìdí. Ẹni tó sì fẹ́ wo eré kó tó kàwé, kó wá èyí tó jáde ní oṣù karùn-ún 2025, The Story & the Engine. Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Èkó ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, àwọn oníbàárà ń sọ ìtàn, ìtàn náà sì ni epo tí ẹ̀rọ ń mu. Inua Ellams ló kọ ọ́, ìlú Jos ni wọ́n sì bí i sí.